Lẹ́tà Ìyá Títí Tí N Kò Gbà

Lọ́mẹ̀ ni mo ń lọ, ṣùgbọ́n n kò dé ibẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ ẹ̀yin ará Ìlàrè tí ẹ sin wá jáde lọ́jọ́ náà ti ń bi ara yín léèrè ohun tó dá wa padà, ó sì sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti ọmọ mi Títílayọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi kúrò nílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni à ń lọ kí. Òun ló fi òwò aṣọ rán mi níwèé kó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Lọ́mẹ̀. Àìsàn ti dá a wó, ó sì ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ kú láìrí ọmọ mi sójú.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, ti bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà kan pé mo mọ̀ sí ìrìn àjò yìí, ká lọ búra sí i ní kóòtù. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání pẹ̀lú. Wọ́n ní wọ́n máa ń bèèrè rẹ̀ ní bọ́dà bí òbí kan ṣoṣo bá ń gbé ọmọ kọjá."

Inú bí mi. "Láti ìgbà wo ni bàbá ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ìyàwó kó tó gbé ọmọ rẹ̀ jáde? Ọmọ ta ni?"

Bẹ́ẹ̀, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọ́fíìsì yunifásítì ni mo ti ń jẹun. Mo máa ń lé akẹ́kọ̀ọ́ padà sílé nítorí fọ́tò kan tí kò lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Ìwé ẹlòmíràn ni mo mọ̀ ọ́n bèèrè.

Ọgọ́rùn-ún náírà ni ọkọ̀ Píjò gbà lọ́wọ́ mi dé Èkó. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí Títí nítorí orí itan mi ló jókòó sí. Òkùnkùn ṣì ṣú nígbà tí a kọjá Ìpetumodù. Ní Ìbàdàn, a ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, a jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí dírẹ́bà tò fún epo. Ní Èkó, a wọ ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ tààrà sí Lọ́mẹ̀. Lẹ́yìn Àgbádárìgì, kò sí igi kòkó mọ́ bí ti ọ̀dọ̀ wa, igi àgbọn àti yanrìn funfun ló kù. Títí bi mí bóyá ìyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ máa ń hu iṣu. Mo ní n kò mọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tiwa ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ kò bi wá ní nǹkan kan, ni orí mi bá wú. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ìyá Títí wá wò ó. Ní òdìkejì, mo rí bẹntiróòlù tí à ń tò fún nílé nínú ìgò lórí tábìlì, bí ẹni ń ta epo pupa. Mo rí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, èyí tó túmọ̀ sí "gbé mi kíá" lédè wọn. Mo ń fi wọ́n han ọmọ nígbà tí ọ̀gá kan tó wọ aṣọ ìjọba ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ilé wa. Bàbá mi ni gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Bàbá, ìyá mi ni wọ́n ń pè ní Màmá. Èmi ni Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ìyàwó mi ni Àǹtí. Bí àwọn àbúrò mi ṣe ń pè wá ni Títí náà gbọ́ tó fi ń pè wá bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé èmi ni mo bí òun, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ̀ mí pè ní bàbá. Ìtìjú ni fún ọ̀dọ́kùnrin kó máa jẹ́ "Bàbá" níbi tí bàbá tirẹ̀ jókòó sí.

Ọmọ Kétu ni ọ̀gá náà, Yorùbá rẹ̀ já gaara. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Títí.

"Ọmọ dáadáa, ta ló mú ẹ wá?"

"Bọ̀ọ̀dá Kúnlé."

"Bàbá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé."

"Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Màmá náà wà nílé."

Ọkùnrin náà dìde, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin sì ní ọmọ yín ni."

"Ọmọ mi ni! Ẹ wo ojú wa. Ẹ wo orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà wa."

"Àbúrò bàbá ẹni náà a máa jọni, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Pápíé dà?" Pápíé ni wọ́n ń pe ìwé níbẹ̀. "Ìwé ìbí ọmọ dà? Lẹ́tà ìyá rẹ̀ dà?"

Mo ṣàlàyé àṣà ilé wa fún un, òógùn ń bọ̀ lójú mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe ní Kétu náà. Ṣùgbọ́n ohun tí gbọ́mọgbọ́mọ máa sọ fún mi náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ọkọ̀. Obìnrin kan tí a jọ jẹ ẹ̀pà láti Èkó na ọwọ́, ó fa Títí mọ́ ara rẹ̀. "Wá síbí, ọmọ mi." Títí sì tẹ̀ lé e. Mo dúró nínú oòrùn, gbogbo ojú wà lára mi, kò sì sí ìwé kan lọ́wọ́ mi tó lè gba ọmọ mi padà fún mi. N kò tíì rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìgbà tí Títí bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Bọ̀ọ̀dá mi", tó já mọ́ obìnrin náà lọ́wọ́, tó sì dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, ni ojú ọ̀gá náà tó rọ̀ díẹ̀. Ó ní kí n gbé e padà sílé, kí n lọ mú lẹ́tà ìyá rẹ̀ tí wọ́n búra sí ní kóòtù wá, pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ. Mo fi èlùbọ́ tí mo gbé fún ẹ̀gbọ́n mi rán obìnrin tí a jọ jẹ ẹ̀pà náà sí i ní Lọ́mẹ̀. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

Nínú ọkọ̀ tó ń dá wa padà, Títí ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé mo parọ́ ni?"

"O ò parọ́," ni mo dá a lóhùn.

Ní gbogbo ọ̀nà, irọ́ tí èmi yóò pa ni mò ń tò. Mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi pé wọ́n ti bọ́dà pa. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣílẹ̀kùn, tó rí wa, tó sì gba ọmọ tó ti sùn léjìká mi, ahọ́n mi kò gbé irọ́ náà.

"Ìwé rẹ ni wọ́n bèèrè," ni mo sọ.

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wa, ó mú bébà àti bírò, ó jókòó sídìí àtùpà. Títí ti jí, ó ń jẹ ẹ̀bà.

"Ta ni kí n kọ pé ó ń gbé e lọ?" ìyàwó mi bèèrè.

"Kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ni."

Títí gbé orí sókè. "Àǹtí, Bọ̀ọ̀dá ni kẹ́ ẹ kọ o, kí ọ̀gá yẹn má baà tún ní irọ́ ni à ń pa."

Ìyá rẹ̀ dá bírò dúró, ó ń wò mí. Ilẹ̀ ni èmi ń wò.