Bàbá Onílé Wa Gbin Àgbàdo Sójú Odò

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí l'Ágége lónìí!

Láti èṣí ni odò ẹ̀yìnkùlé wa ti gbẹ nítorí ọ̀dá. Bàbá onílé wa, tí wọ́n ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ rélùwéè, bá lọ gbin àgbàdo síbẹ̀.

Lónìí, òjò ńlá dé. Odò padà wálé! Omi mù wọ́n dé ìbàdí, wọ́n ṣì di àgbàdo mú.

Mo ké pé, "Bàbá, ẹ jáde, kómi má gbé yín lọ!"

Wọ́n ní, "Kò tíì gbó!"

"Ṣé kí n bá yín bẹ odò ni?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n nawọ́ sí mi, mo fà wọ́n jáde.

Aṣọ wọn ò tíì gbẹ tí wọ́n fi ní ìrẹsì ló kàn.

Ẹ̀yin ará, ṣé irúgbìn ni kí n bá wọn wá, àbí okùn?