Ohun Tí A Fi Lẹ Ọkọ̀ Alájà Méjì Mi

Títí di òní, inú máa ń bí mi bí ẹni tó kàwé bá dúró níwájú mi tí ó ní gọ́ọ̀mù ni gọ́ọ̀mù ń jẹ́. Èyí tí aránbàtà fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kò jọ èyí tí káfíńtà fi ń lẹ pákó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a fi ń lẹ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò bá ọ̀kankan nínú wọn tan. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlá, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a gbé mi wọ̀ ní ìyàwó, ta ni yóò gbọ́?

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa máa ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́, lọ́dọọdún náà ni tábìlì máa ń kún fún aṣọ orí àga tí a fi òwú hun, fìlà ọmọ ọwọ́ àti òdòdó oníbébà. Èmi ní tèmi, ọkọ̀ ike ni mo máa ń tò. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ìlú Òyìnbó ló máa ń fi páálí wọn ránṣẹ́. A ó bá ẹ̀yà ọkọ̀ náà wẹ́wẹ́ lára férémù ike. A ó gé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fá etí wọn, a ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé atọ́nà ti wí. Iṣẹ́ sùúrù ni. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n pàtẹ ọ̀kan. Ìyá Ẹgbẹ́, ìyẹn alága wa, ní ohun ìṣeré ọmọdé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo tún bẹ̀ wọ́n.

"Ó dára," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí níkẹyìn. "Ẹ gbé e wá lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ó bá wù wá, a ó fi kún iṣẹ́ tí a ń gbà. Bí kò bá wù wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́."

Ọkọ̀ akérò alájà méjì ni mo yàn, pupa fòò, irú èyí tí mo máa ń wọ̀ nígbà tí ìjọba rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun. Fèrèsé rẹ̀ pọ̀, ike tó mọ́ gaara bí omi òjò sì ni gbogbo wọn. Mo tò ó parí, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, mo sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ ìpàtẹ náà gan-an, mo ti ọjà dé, mo bá àbúrò ọkọ mi tó kéré jù nínú pálọ̀. Ẹni tó bá mọ àṣà wa yóò mọ ìnira mi. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí mi ju ti àbúrò ọkọ mi yìí lọ dáadáa, wọ́n ti wà nínú ilé kí a tó gbé mi wọlé. Nítorí náà ọkọ mi ni wọ́n, "ẹ" sì ni mo ń sọ sí wọn. Àwọn a máa pè mí ní "ìyàwó mi", wọn a sì máa sọ "o" sí mi bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, wọn kò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀, "má bẹ̀rù o. Mo ti tún un ṣe."

"Kí ni ẹ tún ṣe, ọkọ mi?"

"Mọ́tò rẹ. Mo nawọ́ mú rédíò, ló bá já bọ́. Àjà òkè yọ, fèrèsé sì fò jáde. Àmọ́ o mọ̀ mí, ọwọ́ mi kì í sinmi."

Mo wo orí tábìlì. Ọkọ̀ mi dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ti ojú ìjà dé. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù aránbàtà lẹ àjà òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ó ń fà yọ̀ọ̀ bí omi ilá, ó sì pọ́n rúsúrúsú lára ọ̀dà pupa. Ìyẹn ṣì kéré. Súpà gúlù ni wọ́n fi lẹ fèrèsé. Ẹni tó bá ti lò ó rí mọ̀ pé èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ike tó mọ́ gaara wà bó ṣe wà. Gbogbo fèrèsé náà ti funfun bí ojú arúgbó tí awọ bò, òǹtẹ̀ ìka àbúrò ọkọ mi sì hàn lára wọn kedere.

"Ó lẹ̀, àbí kò lẹ̀?"

"Ó lẹ̀, ọkọ mi."

"Gbé e! Mì í!"

Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ohun tí mo ń sọ nínú ọkàn mi kò ṣeé kọ sínú ìwé.

Nígbà tí baba àwọn ọmọ mi ti oko obì dé, mo ro ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Ṣé kò lẹ̀ ni?" ni wọ́n bi mí. Mo dìde, mo wọ yàrá lọ.

Omi tí a fi ń lẹ ọkọ̀ náà, tí ó bá páálí rẹ̀ wá láti Ìlú Òyìnbó, ti tán. Kì í fà bíi gọ́ọ̀mù. Ńṣe ló máa ń yọ́ etí ike méjèèjì díẹ̀, wọn a wọnú ara wọn, wọn a sì di ẹyọ kan bí ó bá gbẹ. Irú rẹ̀ kò sí ní ọjà Ìlá. Nítorí náà mo kó àjẹkù férémù ike jáde, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sì ń fi dán oríṣiríṣi nǹkan wò. Gọ́ọ̀mù aránbàtà kò yọ́ ike rárá, orí rẹ̀ ló jókòó sí. Tínà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ọkọ̀ yọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ike náà di ẹ̀kọ gbígbóná lójú mi. Mo wá rántí omi tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Kò le tó tínà, ó sì máa ń tètè gbẹ.

Bí mo ṣe fa wàhálà kejì lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Èmi tí n kò fi ọ̀dà kan èékánná rí láyé mi, mo wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ní kí ó ta ìgò kan fún mi.

"Haa, Màmá Tíṣà!" ni onídìrí náà pariwo. "Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀? Àwọ̀ wo lẹ kùn tí kò fẹ́ kúrò?"

"N kò kun àwọ̀ kankan. Mo fẹ́ fi lẹ mọ́tò ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Mọ́tò! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Màmá, ṣé Bàbá ló ní kẹ́ ẹ kùn ún ni?"

Gbogbo àwọn tó jókòó láti dirun bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó, mo jáde. Èmi tí mo kọ́ ìyá wọn níwèé, n kò ní máa ṣàlàyé ara mi fún wọn.

Omi náà ṣiṣẹ́. Mo fi bíléèdì ha gọ́ọ̀mù bàtà kúrò, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ omi sí ojú ibi tí àjà méjèèjì ti pàdé, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n pọ̀ títí awọ ìka mi fi bó. N kò jẹ́ fi í kan fèrèsé, nítorí yóò ba ike tó mọ́ gaara jẹ́ bákan náà. Mo gé fèrèsé tuntun láti ara ike ojú páálí ṣẹ́ẹ̀tì tí baba àwọn ọmọ mi kò tíì wọ̀, mo sì fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà lẹ̀ wọ́n: kò ní èéfín, bí ó bá sì gbẹ, a kì í rí i mọ́. Baba àwọn ọmọ bínú nítorí páálí ṣẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sọ̀ọ̀sán, àbúrò ọkọ mi ń gbé gọ́ọ̀mù mìíràn bọ̀.

"Ìyàwó mi, èyí ń lẹ irin!"

"Ọkọ̀ mi kì í ṣe irin, ọkọ mi."

"Ohun tó lẹ irin, ṣé ike ni yóò wá ṣòro fún?"

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Mo gbé ọkọ̀ mi kalẹ̀ sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ìyá Ẹgbẹ́ wá, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni, àfi bí wọ́n ṣe na àwọn ìka mi sí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wo èékánná mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, Màmá Tíṣà. A gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ ti ń kun èékánná. Ìyá ìjọ ni yín. Bí a bá gba iṣẹ́ yín lónìí, kí ni a ó wí fún àwọn ọmọge wa lọ́la?"

Àwọn ìgbìmọ̀ yí mi ká, ìka mi ni gbogbo wọn ń wò. Kò sí ẹni tó wo ọkọ̀. Bí mo bá sọ pé mo fi omi èékánná lẹ mọ́tò, ta ni yóò gbà mí gbọ́? Onídìrí kò ṣáà gbà mí gbọ́.

Ìgbà náà ni àbúrò ọkọ mi ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ̀pà lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló ń bá ìyàwó mi jà? Èékánná kẹ̀! Èmi ni mo fọ́ mọ́tò yìí! Mo fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ̀ ẹ́, ó ní kò dára. Mo fi súpà gúlù lẹ fèrèsé, ó ní mo fọ́ ọ lójú. Mo ra èyí tó ń lẹ irin, kò gbà. Omi èékánná ló fi lẹ̀ ẹ́, mo yọjú láti ìta, mo rí i! Alágídí ni. Ẹ wò ó!"

Kí ẹnikẹ́ni tó pariwo, wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà, wọ́n mì í jìgìjìgì. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, ohunkóhun kò já bọ́. Ẹ̀rín ti gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Ìyá Ẹgbẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọjú wo inú ọkọ̀ láti fèrèsé kan dé òmíràn.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ni," ni wọ́n wí. "A gbà á. Láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tò, kí ó gbé tirẹ̀ wá."

Inú mi ń rọ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n, Màmá Tíṣà, èrò inú rẹ̀ dà? Dírẹ́bà ńkọ́? Mọ́tò tó ṣófo báyìí, ta ló ń wà á?"

Àwọn ìgbìmọ̀ mirí pé òótọ́ ni, iṣẹ́ náà kò pé. Àbúrò ọkọ mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Àwọn yóò gbẹ́ dírẹ́bà onígi kan fún mi, àwọn sì ti mọ ohun tí àwọn yóò fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ àga.