Ọjọ́ Tí Mo Yan Ẹ̀rọ Àárín

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà lọ́dọ̀ àwọn fàdá. Ìwé karùn-ún wá mi délé, kò bá mi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí àkọsílẹ̀ yìí ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ní ti ọkọ̀, ẹ má ṣèyọnu. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bí ọkọ̀ bá wúkọ́ ní àdúgbò Akron ní Àjàṣẹ́, màá ti gbọ́ ọ láti Djègan-Kpèvi níbi tí mò ń gbé, màá sì ti mọ̀ bóyá epo ló há a lọ́fun tàbí ọ̀fìnkìn lásán ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ atúnkọ̀ṣe ni mò ń ṣe ní gàrájì kan lẹ́bàá ilé mi, àmọ́ ẹni tó dà bí ọ̀gá fún mi ni Dókítà kan, ọmọ àgùdà, tí ìdílé rẹ̀ ti Bàhíà padà wálé láyé àwọn baba ńlá wa. Ọkùnrin náà kò fẹ́yàwó. Ọkọ̀ ló fẹ́. Ó ní méjì, ọkọ̀ eré sísá ni wọ́n, wọ́n sì kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi máa ń bojú wò wọ́n láti òkè. Ọ̀kan pupa, èkejì ní àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Bí ẹ bá ṣí iwájú méjèèjì, ẹ ò ní rí ẹ̀rọ níbẹ̀, àfi àyè tó gba ẹrù díẹ̀. Ẹ̀rọ ọkọ̀ pupa wà láàárín, lẹ́yìn ìjókòó gan-an, kí ẹ tó dé orí táyà ẹ̀yìn. Ti ọkọ̀ aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà ní ìdí pátápátá, ó yọ kọjá táyà ẹ̀yìn bí ìdí obìnrin tó jókòó sórí àpótí kékeré.

Ó tó bí ọdún méjì tí àwọn sójà ti gba ìjọba lọ́dún 1972. Ohun gbogbo ti di ti Ìyípadà. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnì kejì ní Mùsé mọ́, kàmáràdì ni gbogbo wa. Mo fi etí ara mi gbọ́ obìnrin kan tó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Kàmáràdì, o ò ní jẹun lónìí." Kò sí ẹni tó sọ fún Dókítà pé kó mú ọkọ̀ wá o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rò ó pé ọkọ̀ méjì fún ẹnì kan ṣoṣo, ojú àwọn èèyàn ti wà lára òun ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pinnu láti fi ọ̀kan ta kòmítéè àdúgbò lọ́rẹ, kí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ ìlú.

Ó pè mí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ inú wọn. Yan èyí tó máa kù sílé. Èyí tó o bá yàn náà ni màá yá ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ọmọ oníṣòwò aṣọ kan ní Akron ni mo fẹ́, ìdílé Mùsùlùmí. Bàbá rẹ̀ ti gbà, ìyá rẹ̀ ti gbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Màmá tó tọ́ ọ dàgbà, ni kò tíì gbà. Nílé wọn, òun ni í di ọwọ́ ìyàwó mú láti ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí ó fi máa dé ẹnu ọ̀nà ọkọ. Bí Màmá ò bá dìde, ìyàwó ò lè dìde. Ó wò mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ó ní ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, kí ni mo fẹ́ fi gbé ọmọ òun? Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Mo ní ọkọ̀ tí irú rẹ̀ kò sí lẹ́ẹ̀mejì ní Àjàṣẹ́ ló máa gbé e. Màmá ní ó dáa. Ọjọ́ tí òun bá rí ọkọ̀ náà, tó sì wu òun, òun á dìde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ òun á máa bá òun jókòó.

Mo gbé ọkọ̀ méjèèjì jáde, mo dán wọn wò. Mo mú aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sójú ọ̀nà ẹ̀bá ọ̀sà. Ó ń lọ dáadáa títí a fi dé kọ́nà. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin tó ń mú ọkọ̀ sáré, ìdí ọkọ̀ ní òun fẹ́ ṣáájú orí. A yí po. Nígbà tí ojú mi máa là, àwọn apẹja tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni mo tún kọjú sí, mo sì ní láti tún wọn kí. Mo mú pupa lọ sí kọ́nà kan náà. Kò yẹsẹ̀, kò mi orí. Mo kí bàbá kan pé ẹ kú iṣẹ́, mo ti délé, mo ti bọ́ bàtà, kí ó tó gbọ́ ọ.

Mo bá jókòó, mo ro ó bí ẹni tó kàwé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n dáadáa, tó fi ọ̀já dì mọ́ àárín ẹ̀yìn, ìyá náà lè sáré, ó lè jó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá já sílẹ̀ dé ìdí, ó ń fa ìyá rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ní kí Dókítà fi ẹ̀rọ àárín sílé. Dókítà kàn bi mí bóyá mo ti wo ọkọ̀ méjèèjì tán, torí aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìjókòó kékeré méjì lẹ́yìn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀, àfi ẹni tó bá lè ká bí ẹja kíká? Ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Ẹ mọ̀ pé ọkọ kì í fúnra rẹ̀ lọ mú ìyàwó wá, wọ́n máa ń mú un wá bá a ni. Ṣùgbọ́n ta ni kí n gbé ọkọ̀ Dókítà lé lọ́wọ́? Mo yá fìlà awakọ̀, mo fà á bojú, mo lọ sí Akron bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Gbogbo ilé tú jáde. Màmá yọ, ó di ọwọ́ ìyàwó mú, aṣọ bo ìyàwó lójú. Ó yí ọkọ̀ pupa náà po lẹ́ẹ̀kan, ó fọwọ́ kàn án, mo sì rí i pé ó wù ú.

"Ọkọ ìyàwó dà?"

"Kò wá, Màmá. Awakọ̀ ni mí."

"Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lèmi máa jókòó sí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ̀ ọ́n tipẹ́tipẹ́. Èmi, ìgbà yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ìjókòó méjì ló wà nínú ọkọ̀ ẹ̀rọ àárín. Ibi tí ìjókòó ẹ̀yìn ì bá wà, ẹ̀rọ ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti ìyàwó. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ro ọ̀rọ̀ kọ́nà, n kò fi ìṣẹ́jú kan ro ọ̀rọ̀ Màmá.

A ní kí Màmá àti ìyàwó há ara wọn sórí ìjókòó kan. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò tì, torí Màmá kì í ṣe obìnrin kékeré. Ẹnì kan ní kí Màmá jókòó sórí ẹ̀rọ. Màmá bi í bóyá ó fẹ́ yan òun bí ẹ̀pà. Ẹlòmíràn ní kí n kọ́kọ́ gbé ìyàwó lọ, kí n padà wá gbé Màmá. Ìyẹn ló bí i nínú.

Ó ní, "Ọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó. Olè ni."

Ó fa ìyàwó mọ́ra, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò mọ bí ìjókòó yẹn ṣe wúwo tó. Àsìkò yẹn náà ni kòmítéè ń kọjá nínú ọkọ̀ aláwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kàmáràdì mẹ́rin, méjì níwájú, méjì ká lẹ́yìn bí ẹja kíká, wọ́n ń fọn fèrè, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Màmá fi ojú tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi yà. Ó wá padà wò mí.

Mo ti ń wo ilẹ̀ nígbà tí ìyàwó sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé kì í ṣe òun.

"Màmá, ẹ jókòó sípò awakọ̀. Kí awakọ̀ máa tì wá lẹ́yìn."

Màmá rò ó. Ọwọ́ òun ò ní kúrò lọ́wọ́ ọmọ. Awakọ̀ á wà lẹ́yìn, kò ní rí ojú ìyàwó. Kò sí àṣà tó máa já. Ó dìde.

Mo pa ẹ̀rọ, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìsí nínú jíà kankan. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún di ìyàwó mú, ó fi ọwọ́ òsì di fólàn mú, ìyẹn róbótó tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀. Mo ní bí mo bá ti kígbe, kó fẹsẹ̀ tẹ irin tó wà láàárín mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ lè dúró. Ó ní kí n yé pariwo mọ́ òun létí, ṣé òun ò rí àwọn tó ń wakọ̀ rí ni? Èmi àti ọkùnrin mẹ́fà láti ilé ìyàwó bá fi èjìká tì í. Àwọn obìnrin ń kọrin ìyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkọ̀ tó yára jù ní gbogbo Dahomey ń rìn bí ìjàpá nínú iyanrìn, òógùn sì ń kán lára mi bí òjò àkọ́rọ̀.

Ibi kan wà lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ̀ já mọ́ wa lọ́wọ́. Ó lọ! Adìyẹ ń fò, kẹ̀kẹ́ ń yà, Màmá jókòó gbọn-in, ó ń fi orí kí àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Ọkọ̀ kòmítéè ti dúró níwájú, wọ́n ń ra búrẹ́dì. Màmá tọ́ fólàn díẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fìn-ín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀rọ àárín kọjá ẹ̀rọ ìdí láìtan iná. Ìyàwó mi ní irọ́ ni mò ń pa, pé ewúrẹ́ kan ló dúró síbẹ̀, kì í ṣe kòmítéè. Ṣùgbọ́n aṣọ bò ó lójú lọ́jọ́ náà, kí ló rí?

Nígbà tí a máa fi bá wọn, ọkọ̀ ti dúró jẹ́ẹ́ níwájú ilé mi. Màmá ti tẹ irin àárín láìsí ẹni tó kígbe. Àwọn ará ilé wa da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀. Màmá ò tíì tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n pe ọkọ wá.

Mo ṣí fìlà, mo bọ́ síwájú.

"Níbo lo wà látàárọ̀?"

"Ẹ̀yìn ni mo wà, Màmá."

Ó ní kí n na ọwọ́. Mo nà án. Eruku, òógùn àti ọ̀rá ọkọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ó dúdú ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó wò ó títí, mo sì rò pé ó máa padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó wá gbé ọwọ́ ọmọ náà lé e, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bo méjèèjì mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ò tíì mọ́ o," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ń ti nǹkan délé."

Lọ́jọ́ kejì mo dá ọkọ̀ padà. Dókítà bi mí bó ṣe sáré sí. Mo ní ó sáré dáadáa. Ó wo ibi tí wọ́n ti ń rí bí epo ṣe kù sí, ó tún wò ó, ó ní kí ló dé tí epo kò dín ju ti àlọ nìkan lọ? Mo ní àǹfààní ẹ̀rọ àárín nìyẹn.