Ojú Ìyá Qudirat Nínú Kámẹ́rà Lábọ̀dé

Tí ẹ bá dé Koumassi, tí ẹ béèrè Lábọ̀dé tó ń tún firíìjì ṣe, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má ṣáà wá a lọ́jọ́ Àìkú, torí ẹ ò ní bá a. Lọ́jọ́ Àìkú, kí gbogbo firíìjì Abidjan máa gbóná bí ààrò, kò kàn án. Ó ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ti wọ takisí wôrô-wôrô lọ sí etí òkun ní Port-Bouët. Ìkẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ká ní òun mọ̀ pé orogún òun á dúdú, tí á sì ní ojú kan ṣoṣo, òun ì bá ti múra dè é.

Ẹ má rò pé ó fi fọ́tò ṣiṣẹ́ o. Ìfẹ́ ló ń bá a jà. Àwọn méjì míì ni ìfẹ́ náà sì ń bá jà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan ni Aymar, tó ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù ṣiṣẹ́. Porto-Novo ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ṣe akọ̀wé fáwọn òyìnbó, Abidjan ni wọ́n bí òun sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò sì lè rìn jìnnà kí Faransé má bá a gbé e lẹ́sẹ̀. Ìkejì ni Victoire, tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kálukú á mú fọ́tò kan ṣoṣo wá sí ẹ̀bá ibi táwọn apẹja ń gbé ọkọ̀ wọn sí. Àwọn méjì yòókù á wá tú u wò bí ìgbà tí wọ́n ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ìjà wọn ò yí padà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lẹ́ńsì, gíláàsì ojú kámẹ́rà, ni Aymar gbà gbọ́. Ó ní ọ̀kan tó ń pè ní quatre-vingt-cinq, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Victoire ní ìmọ́lẹ̀ ni, pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí oòrùn wà, kó máa lọ sùn. Lábọ̀dé ní kọ̀ǹpútà ni. Ó ní kámẹ́rà kàn ń lọ sọ́jà ni, kọ̀ǹpútà ló ń se ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí ni Aymar máa ń fi dá a lóhùn. Kámẹ́rà òde òní lè tọ́jú fọ́tò lọ́nà méjì. Ọ̀kan ni Aymar ń pè ní tútù, nítorí ó dà bí ẹran tí wọn ò tíì gbé kaná: ó wúwo, ó ń gba àyè, ṣùgbọ́n ohun gbogbo tí kámẹ́rà rí ló wà nínú rẹ̀. Ìkejì ti jinná látinú kámẹ́rà wá, ó sì fúyẹ́.

"Yà á ní tútù, mon frère," ni Aymar máa ń wí. "Èyí tó bá ti jinná, ta ló fẹ́ sọ ọ́ di tútù padà?"

Lábọ̀dé á ní tútù ń jẹ àyè nínú kọ̀ǹpútà òun. Òótọ́ sì ni. Kọ̀ǹpútà náà, àlòkù tó sọ̀kalẹ̀ ní pọ́ọ̀tù ni, irú ọjà tí wọ́n ń pè ní France au revoir ní Abidjan. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á kú pii. Lábọ̀dé wá yọ fáànù lára firísà kan tó ti di òkú, ó dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà, kò kú mọ́, ṣùgbọ́n bó bá tàn án, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá bí ẹ̀rọ ìlọta. Ìkẹ́olúwa ní kọ̀ǹpútà nìkan ló ń rí atẹ́gùn fẹ́ nínú ilé àwọn.

Oṣù tó kọjá ló rí logiciel tuntun kan, ètò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe. Bọ́tìnnì kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, irorẹ́ lọ, àpá lọ, ìhunjọ lọ, ojú á wá máa dán. Lábọ̀dé fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jẹun lọ́jọ́ tó rí i. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, a kàn mi orí ni. Ìyàwó tuntun ti wọlé.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ìyá Qudirat ní òun ń lọ sílé ní Ẹjígbò.

Ìyá Qudirat, ẹ̀gbọ́n ìyá Lábọ̀dé ni. Nígbà tí Lábọ̀dé ti Ẹjígbò dé lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú àpò kan àti bàtà kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sùn sí. Obìnrin yìí ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ firíìjì, òun ló bá a fẹ́ Ìkẹ́olúwa, òun ló gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ wẹ̀. Ó ti ta aṣọ ní ọjà Koumassi títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sílé, ẹsẹ̀ òun lòun fẹ́ fi lọ. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ Lábọ̀dé. "Bá mi ya fọ́tò kan tó dáa, kí n gbé e kọ́ sílé Qudirat ọmọ mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ Yorùbá tó kí wọ́n gbọ́ mi lórí fóònù. Kí wọ́n ṣáà máa rí mi."

Lábọ̀dé gbé iná lọ, ó gbé agboòrùn funfun lọ, ó ya fọ́tò mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Gbogbo rẹ̀ ló yà ní jíjinná, nítorí àyè. Nígbà tó délé, ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ bọ́tìnnì yẹn fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó tọ́jú wọn lé orí ti àkọ́kọ́, ó sì nu káàdì kámẹ́rà mọ́ kó lè fi ya òkun. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ló jókòó ti ojú ìyá yìí. Ó tan ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ díẹ̀, ó pa òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó mú gèlè rẹ̀ pọ́n dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣíwájú ìrìn àjò, ó gbé e lọ sí etí òkun nínú férémù. Aymar gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "C'est propre, ó mọ́ tónítóní," ló wí nígbẹ̀yìn. Victoire ní awọ ìyá ń dán bíi ti ọmọge. Orí Lábọ̀dé wú. Kò dúró mu omi, ó kọjá tààrà sílé Qudirat, níbi tí Ìyá ń gbé.

Ojú Ìyá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ó gbé férémù lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó wò ó. Ó fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó fọwọ́ pa gíláàsì.

"Ta nìyí?"

Lábọ̀dé rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Èmi kọ́." Ohùn rẹ̀ ò le rárá. "Lábọ̀dé, ibo lo kó ilà ojú mi lọ?"

Lábọ̀dé wá wò ó. Àbàjà tó ti ń rí lójú obìnrin yìí láti ọjọ́ tó ti dé Abidjan, kò sí níbẹ̀. Logiciel ti rò pé àpá ni, ó sì ti fi awọ bò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tẹ́jú bíi ti ẹni tí kò ní ìlú.

"Ọdún tí mo dé Abidjan," Ìyá ní, "ẹni tó yẹ kó wá pàdé mi ò wá. Mi ò gbọ́ Faransé, mi ò gbọ́ Jùlá. Mo jókòó lórí ẹrù mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ, ó wo ojú mi, ó padà wá, ó sì mú mi délé àwọn èèyàn wa. Ojú mi ni ìwé mi lọ́jọ́ náà." Ó gbé férémù lé Qudirat lọ́wọ́. "Ẹni tó wà nínú gíláàsì yìí, tó bá sọ̀kalẹ̀ ní gárèjì, ibẹ̀ ló máa sùn."

Qudirat, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ ò tiẹ̀ lè sọ tó bẹ́ẹ̀, ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, maman." Ìyá ti wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe ti fọ́tò tó bàjẹ́ ló dun Lábọ̀dé. Ó ti ba fọ́tò jẹ́ rí, ó tó ẹgbẹ̀rún. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wo ojú ẹni tó tọ́ ọ, kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ti kúrò níbẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tàn án, fáànù firísà sì ń ké. Ìkẹ́olúwa bá a níbẹ̀ tó ń sunkún, kò bá a ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, Aymar tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó mú ètò kan tó ń hú fọ́tò tí wọ́n ti parẹ́ jáde nínú káàdì wá. Òun àti Victoire jókòó ti Lábọ̀dé láti ọ̀sán. Ohun tí wọ́n hú jáde ni ọkọ̀ apẹja, àwọ̀n, àti ẹja mẹ́rìnlá. Òkun ti jókòó lórí ojú Ìyá. Aymar ò sì sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ nìyẹn.

"Èmi náà wò ó, mi ò rí i," Victoire ní. "Ìyá ìyá mi nílà lójú. Awọ ni mo ń yìn." Ó na ọwọ́, ó pa kọ̀ǹpútà náà. "Àmọ́ Ìyá ò tíì lọ. Kí la jókòó ti ẹja fún?"

Aymar ṣí àpò rẹ̀, ó tú aṣọ kúrò lára quatre-vingt-cinq, ó gbé e lé Lábọ̀dé lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń fọmọ fọ́kọ. "Yà á ní tútù," ló kàn wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Lábọ̀dé lọ bẹ Ìyá. Ìyá ní ó ti tó, òun ti di ẹrù, òun ti di gèlè òun mọ́ ọn. Ó fún un lóúnjẹ, ó gbàdúrà fún un, ó sì ní kó máa lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti ń so ẹrù mọ́ orí bọ́ọ̀sì nígbà tí Lábọ̀dé dé gárèjì. Kò gbé iná, kò gbé agboòrùn. Ìyá jókòó lórí àga pákó lábẹ́ ìbòòji ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, Qudirat dúró tì í. Lábọ̀dé dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Ìyá, mo wò yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò rí yín. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá wò ó títí. "Dìde. Ìkẹ́olúwa ló máa fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe ìwọ." Lábọ̀dé dìde. "Ilà mélòó ló wà lójú mi?"

"Mẹ́fà, Ìyá. Mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì."

"Súnmọ́ mi. Kà á."

Lábọ̀dé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ka ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta. Ó ka ti òsì, mẹ́ta. Ìyá yí orí díẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní ẹ̀gbẹ́ etí òsì, ọ̀kan kékeré wà, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò gùn ju ìka ọmọ jòjòló lọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Lábọ̀dé ti ń bá obìnrin yìí jẹun nínú Abidjan.

"Méje ni," ó ní.

"Méje ni. Mo mi orí lọ́wọ́ olóòlà, ọ̀bẹ yọ̀. Ọkùnrin tó rí mi lọ́jọ́ tí mo dé, ìyẹn ló rí. Ó ní, ṣé kì í ṣe ìwọ lọmọ agboolé wa tó mi orí? Àbàjà pọ̀ lójú èèyàn. Ti ẹ̀gbẹ́ etí yìí ló mú mi délé." Ó tún ìró rẹ̀ ṣe lórí itan. "Ó yá, máa yà á."

Awakọ̀ ti ń fun fèrè. Lábọ̀dé ya mẹ́ta péré, ní tútù. Ìyá na ọwọ́, ó gba kámẹ́rà. Lábọ̀dé fẹ ojú náà tóbi fún un lẹ́yìn kámẹ́rà, ó fi ara bo oòrùn kó lè ríran. Ìyá fi èékánná kà á, jẹ́jẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Ó kà á dé mẹ́fà, ó dúró. Lábọ̀dé sún àwòrán náà síwájú díẹ̀, èékánná Ìyá sì bá a rìn títí dé ẹ̀gbẹ́ etí.

"Wọ́n pé," ó ní.

Ó dá kámẹ́rà padà fún un, ó di ọwọ́ Qudirat mú, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun bọ́ọ̀sì.