Sinimá Ògiri Jíbrílù Àyìndé

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ni gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Jíbrílù Àyìndé, ọkùnrin tó ń ya àwòrán sinimá sára ògiri ilé onílé. Ọdún 1991 ni. Jíbrílù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkómọ dé láti Ìjẹ̀bú, ibi tó ti lo odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Alájà Morufat, níbi tó ya ojú akọni fíìmù rẹ̀ sí. Ojú náà ga tó èèyàn méjì. Jíbrílù gbórí sókè láti kí i, bó ti máa ń ṣe. Ni akọni bá tutọ́ sí i lára.

Omi ìfọyín ni, ó ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀. Jíbrílù nu ojú, ó tún wòkè. Wọ́n ti lu fèrèsé sí akọni lẹ́nu. Orí èèyàn yọ síta láti inú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín há a lẹ́nu. Mọ̀núrù ni, aránṣọ tó háyà yàrá lọ́wọ́ Alájà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò rí yín."

"Jáde kúrò lẹ́nu ọkùnrin yẹn!" Jíbrílù fi igbe ta.

"Yàrá mi ni, sà."

"Ẹnu rẹ̀ ni!"

Kí ojú tó mọ́ tán, èrò ti kún ìta. Alájà Morufat jáde, ó ń so ìborùn rẹ̀ mọ́rí. Ó ní ooru fẹ́ẹ́ pa tẹ́náǹtì òun, ó ní ilé òun ni, ògiri òun sì ni.

"Ògiri ni tiyín, Alájà, mi ò jiyàn," ni Jíbrílù wí. "Ṣùgbọ́n ta ló ni eyín?"

Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn àgbà àdúgbò. Ọ̀kan nínú wọn rọra bi Jíbrílù léèrè pé ṣé kò yẹ kí Mọ̀núrù ráyè mí ni. Jíbrílù ní òun ò sọ pé kó má mí. Àní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mí. "Ṣùgbọ́n kó mí gba imú, bí gbogbo ọmọ Ádámọ̀!" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ lẹjọ́ sì túká sí. Fèrèsé ò kúrò.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Jíbrílù fi ń wo fèrèsé náà láti òdìkejì òpópónà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé àkàbà, ó fi ọ̀dà pupa kun ètè yí fèrèsé náà ká, ó to eyín funfun báláú sókè, ó to òmíràn sísàlẹ̀. Akọni tó ti ń fajú ro láti ìgbà tó ti wà lórí ògiri di ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bí Mọ̀núrù bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, gbogbo òpópónà á mọ̀ pé inú akọni dùn.

Àlímọ̀t ìyàwó Jíbrílù kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò ó. "Bàbá Ọlámilékan," ló wí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ọ̀dà pupa ní gbogbo irùngbọ̀n, "ṣé ẹ̀yin nìkan ni inú ń bí l'Ékòó ni?"

"Àwọn tó kù ò tíì lajú ni," ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Àlímọ̀t sì mọ ibi tí ìbínú náà ti wá. Ó lé ní ogún ọdún tí Jíbrílù fi ya pátákó ńláńlá tí wọ́n ń gbé síwájú gbọ̀ngàn sinimá kan nítòsí Ìta Fájì. Fíìmù Íńdíà, fíìmù kọbọ́ì, fíìmù àwọn Ṣáínà tó ń fò bí ẹyẹ, òun ló ń ya gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1988, fídíò ti wọ ilé gbogbo èèyàn. Gbọ̀ngàn kógbá sílé, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rùsí. Jíbrílù lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń wo àwọn alábàárù bí wọ́n ṣe ń ru àpò ìrẹsì wọlé, wọ́n ń tò wọ́n sórí àga ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

"Ìrẹsì!" ló ń wí bọ̀ títí ó fi délé, tó fi oríkì pe ìyàwó rẹ̀. "Àyìnkẹ́, ìrẹsì ló ń wo sinimá báyìí!"

Àlímọ̀t rò pé ó máa tó gbàgbé. Kò gbàgbé. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti bẹ onílé méje, ó ti ya ògiri méje, láti Ìta Fájì gba Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó já sí Ìdúmàgbò. Fíìmù kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ro ìtàn rẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́ṣin kan nífẹ̀ẹ́ ọmọ olówó, bàbá ọmọ kọ̀ jálẹ̀, ó gbé ọmọ fún ọ̀tá, ni ẹlẹ́ṣin bá gbéra láti lọ gba ìyàwó rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásàrí, Jíbrílù á kó àwọn tó bá fẹ́ wò ó jọ ní Ìta Fájì, á fi ẹsẹ̀ mú wọn rìn láti ògiri dé ògiri, á máa fi ẹnu sọ ohun tí àwòrán ò lè sọ.

Òfin rẹ̀ le ju ti gbọ̀ngàn lọ. Ẹni tó bá bá wọn pàdé ní ògiri kẹta kò lè dúró. "Ta ní pè ọ́ wọ àárín fíìmù?" Jíbrílù á dá a padà sí Ìta Fájì kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á sì dúró nínú oòrùn títí á fi sáré dé. Lọ́jọ́ kan, wolé-wolé wá láti fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń ba ògiri ìlú jẹ́. Ògiri karùn-ún ló ti bá wọn. Jíbrílù dá òun náà padà. Wolé-wolé dé Ìta Fájì, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa padà dé ògiri karùn-ún, ohun tó ń bi Jíbrílù ni pé ṣé wọ́n ti rí ọmọbìnrin náà gbà.

Àríwísí ni Jíbrílù kò lè gbà. Ọkùnrin kan ka ẹsẹ̀ ẹṣin ní ògiri kejì, ó rí i pé márùn-ún ni.

"Bàbá, ẹsẹ̀ ẹṣin yìí mà lé."

Ojú Jíbrílù pọ́n. "Ẹṣin tó ń sáré! Ìwọ, o ti ka ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń sáré rí?"

Òmíràn fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ olówó náà, tí wọ́n yà bí ọmọ Íńdíà, fi kọ pélé. Jíbrílù ní kò sí ìdí tí kò fi ní kọ ọ́, àfi tí ìyá rẹ̀ bá bí i láìnílé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó dá wàhálà sílẹ̀ jù, láti ẹnu Àlímọ̀t ló ti jáde. Àwọn oníṣòwò Ìdúmàgbò ń kí i ní "ìyàwó ẹlẹ́ṣin" lójoojúmọ́, kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí ó fi yà wo ògiri keje. Ojú òun gan-an ló bá níbẹ̀. Ó sáré wálé, inú ń bí i burúkú burúkú.

"Bàbá Ọlámilékan! Ṣé imú mi tóbi tó báyẹn ni?"

Jíbrílù wo imú náà dáadáa. "Ògiri ló tóbi," ló wí.

Lọ́dún 1994, ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan háyà ògiri keje lọ́wọ́ onílé láti fi polówó ọjà wọn. Ìyẹn ni ògiri tí fíìmù ti parí. Wọ́n kó àkàbà dé, wọ́n kó ọ̀dà dé. Jíbrílù gun àkàbà wọn dé òkè pátápátá, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti àwòrán rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n mi àkàbà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Àlímọ̀t gbọ́, ó gbé oúnjẹ wá, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń rò ó lọ́kàn pé ọjọ́ tí òun máa fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ rèé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́ṣẹ pe ọkọ rẹ̀ ní wèrè, òun náà ló ju ìborùn sílẹ̀.

"Wèrè? Ta ni wèrè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọṣẹ nu àwòrán tí kò dọ̀tí, ta ni wèrè nínú yín?"

Jíbrílù gbọ́ ọ láti òkè. Ó ní àkọ́kọ́ rèé tí Àyìnkẹ́ máa sọ̀rọ̀ sinimá tó mọ́gbọ́n wá.

Alásàrí ló tú u sílẹ̀. Ládàánì pèrun, Jíbrílù sọ̀ kalẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun sí ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀. Nígbà tó fi máa sálámà sọ́tùn-ún, tó sálámà sósì, wọ́n ti kun ìdajì ojú ọmọbìnrin náà ní funfun.

"Wọ́n fi ìrun rẹ́ mi jẹ!" ló ń ké. "Mo wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ẹ̀yin wà lórí àkàbà!"

Obìnrin aláwọ̀ pupa kan tó gbé ọṣẹ dání ni wọ́n yà sípò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Jíbrílù á mú èrò dé ibẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí ògiri, á ní kí wọ́n wo òun lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ta ni obìnrin yẹn nínú fíìmù, á fi ohùn líle dáhùn: "Kò sí nínú fíìmù. Ó kàn ń kọjá lọ ni."

Ẹnu nìkan ni òpin fíìmù kù sí, ẹnu ò sì dúró lójú kan bí ọ̀dà. Bí nǹkan bá dán mọ́rán láàárín òun àti Àlímọ̀t, ẹlẹ́ṣin á gba ìyàwó rẹ̀, wọ́n á ṣe yìgì, ìlù á sọ. Bí wọ́n bá jà, ọmọbìnrin á bọ́ sínú ọ̀sà. Gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Alájà Morufat kanlẹ̀kùn, ó káwọ́ lérí.

"Àlímọ̀t, kí lo tún fi ṣe ọkọ rẹ? Ọmọ yẹn tún ti kú sómi lónìí o!"

Inú bí Àlímọ̀t débi pé ó tún bá ọkọ rẹ̀ jà sí i, ni ọkọ rẹ̀ bá ri ọmọbìnrin inú fíìmù sómi lọ́sẹ̀ mẹ́rin léraléra.

Jíbrílù kú lọ́dún 1997, lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àlímọ̀t sunkún, ó ṣe opó rẹ̀ pé, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè kó dárúkọ sinimá létí òun. Ó sọ fún Ọlámilékan pé ohun tó gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ òun nìyẹn, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Gbogbo Sátidé, òun á jókòó sílé, ọkọ òun á lọ máa ṣe fàájì nígboro.

Ọ̀sẹ̀ tó jáde opó, ó lọ ra òwú ní Ìta Fájì. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀. Haleem lorúkọ rẹ̀, ó mú Jemilat ìyàwó rẹ̀ wá láti Ìkòròdú kó wá wo àwọn ògiri náà. Iwájú ògiri kìn-ín-ní ni wọ́n wà.

"Ọlọ́ṣà ni èyí," Haleem ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Ẹṣin tó jí gbé nìyẹn."

Àlímọ̀t ti fẹ́ kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí.

"Ta ní jí ẹṣin?"

Haleem yíjú padà. "Ẹ dákun, màmá, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Ṣé mo mọ̀ wọ́n? Inú ilé mi ni gbogbo wọn ti ń jẹun!"

Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Ó rò pé òun kàn fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹṣin náà ṣe ni, ṣùgbọ́n nígbà tó parí ìyẹn, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ lórí oúnjẹ, lórí ẹní, nígbà tí Jíbrílù ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ń tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń dara pọ̀ mọ́ wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé Ìdúmàgbò, wọ́n ti tó ogún. Oòrùn ti pa ọ̀dà obìnrin ọlọ́ṣẹ, ojú rẹ̀ ti ń bó. Àlímọ̀t kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ó gba ìyàwó rẹ̀," ló wí. "Wọ́n so yìgì. Wọ́n bímọ. Wọ́n jọ dàgbà."

Haleem fọwọ́ họrí. "Màmá, ẹ má bínú o. Bàbá yẹn fúnra wọn sọ fún mi lọ́jọ́sí pé ọmọbìnrin náà kú sómi ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ ni, àbí èmi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú, kò sì tètè gbẹ. Jemilat dì í lọ́wọ́ mú.

Nígbà tó délé, ó jókòó sórí pèpéle, ó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, gìgísẹ̀ ọ̀tún ti bó. Ó gbé e sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọlámilékan bá a níbẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Ọ̀nà yìí jìn," Àlímọ̀t wí. "Ó jìn gan-an ni. Bàbá rẹ á sì ti ibẹ̀ dé, á ní kí n bá òun bomi sẹ́sẹ̀, màá ní kó lọ bù ú fúnra rẹ̀, ẹni tó lọ ṣe fàájì." Ó tún tẹ gìgísẹ̀ náà. "Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Kó gẹ̀ ẹ́. Kó dákun bá mi bu omi sí i lẹ́sẹ̀."