Ìyá Ki Ọmọ Rẹ̀ Lórí Facebook

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ò mọ Serifat! Nọ́ọ̀sì ni, basement ló ń gbé ní Whitehorn, ní Canada, ọmọ náà sì gbóná bí ata. Òun ló ń kọ "Ojú Ìlú", péèjì Facebook tó ń fi han ayé pé ilé ìwòsàn ìlú wọn nílé wà ní títì, pé ẹnu ọ̀nà ni àwọn aboyún ń bímọ sí. Alága ìbílẹ̀ wọn wá ẹni tó ń kọ ọ́ títí, kò rí i. Ìyá Serifat nìkan ló mọ̀.

Ìgbà tó yá, obìnrin kan, Adébùnmí, fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ tó kú sí ẹnu ọ̀nà yẹn ránṣẹ́: "Ẹ gbé e síta, kí ayé rí i." Serifat gbé e. Àdúrà rọ̀ sórí ẹni tó kọ ọ́ bí òjò! Orí ìyá rẹ̀ wú. Ìyá wo ló sì ń yin ọmọ láìkì í? Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀:

"Àbẹ̀kẹ́ mi, Serifat ọmọ Bámgbóyè, ọmọ ilé Alápatà, o ò ní ṣìnà ní Canada. Akeem àbúrò rẹ ń kí ẹ."

Serifat wà níbi iṣẹ́. Kó tó wọ train padà, àwọn ọmọọṣẹ́ Alága ti gbé Akeem lọ.

"Màámi, ẹ pa á rẹ́!"

"Mo ti pa á rẹ́. Ṣebí mo kàn ń kí ẹ ni, Serifat?"

"Ẹ má sunkún mọ́. Ẹjọ́ yín kọ́."

Alága ránṣẹ́: kí Serifat fojú hàn nínú fídíò, kó ní irọ́ lòun ń pa, Akeem á délé.

Dóyin, onílé rẹ̀ tó ń gbé lókè, fárígá. "Má dán an wò! Wàá ta àwọn obìnrin yẹn ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ní àbúrò tí ẹ lè fi rọ́pò tèmi?"

Dóyin bá gòkè padà.

Serifat wé scarf, ó jókòó síwájú fóònù. "Èmi ni Serifat. Irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ."

Èébú dé wìtìwìtì! "Abroad people, una don chop!" Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ pè.

"Ó ti dé o! Apá ẹ̀ kan ti kán, àmọ́ ó ń jẹun."

Ìyá ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ Adébùnmí wọlé: "Sister, ọmọ mi tí mo sin ńkọ́? Ṣé irọ́ lòun náà?"

Serifat tẹ èsì, ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún pa á rẹ́.

"Serifat, ṣé o ò gbọ́ ni? O ò dúpẹ́?"

"Mo dúpẹ́, Màámi."