Orúkọ Tí Bísí Sọ Òòṣà Burúkú Mi

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí orúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ òòṣà tí kò tiẹ̀ sí láyé o! Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ṣómólú mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń gé ìwé lórí ẹ̀rọ. Tí mo bá ti kúrò níbẹ̀, géèmù ni. Kì í ṣe ti orí fóònù o. Èyí tí a máa ń fẹnu ṣe ni: kálukú á mú ẹ̀dá kan, èmi á máa sọ ìtàn, a ó sì máa ju dáìsì láti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá náà. Ẹnikẹ́ni kò tà á fún wa, inú nóòtù mi ni gbogbo ayé rẹ̀ wà.

Bísí, ọmọ àbúrò màmá mi, ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọdẹ obìnrin kan tó ń sáré bí ehoro ló máa ń ṣe. Àfi bí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣe gbá Bísí fúnra rẹ̀ ní Bàríga, tí ojúgun rẹ̀ fọ́. Ó ti lé lóṣù kan tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn ní Ìgbóbì, egbò náà kò san, àwọn dókítà sì ti sọ fún wa pé àwọn ń sapá láti gba ẹsẹ̀ náà là ni. Bí mo ṣe gbé géèmù lọ bá a níbẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá ti ṣíwọ́, mo ti dé Ìgbóbì.

Ibi tí a bá ìtàn dé, ọ̀dọ̀ òòṣà burúkú kan ni. Abẹ́ igbó ló ń gbé, gbòǹgbò igi ni ọwọ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ ilẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń dì mú. Ó wá ku kí n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ gbà mí! Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi gbádùn. Mò ń jẹun, mò ń wá orúkọ. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń wá orúkọ, títí mo fi gé káàdì ìgbéyàwó oníbàárà kan wọ́, tí ọ̀gá mi bi mí bóyá orí mi pé.

Mo kọ́kọ́ mú Gbòǹgbòagbára lọ. Bísí ní ó dà bí orúkọ àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń polówó ní Onípánù. Ìyá Ìlàjẹ, màmá ẹlẹ́ja láti etí omi Bàríga tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìbàdí wọn tó kán mú. Mo tún mú Igbóńjèèyàn lọ. Wọ́n tún fi mí ṣẹ̀sín.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bísí kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lónìí, pé ńṣe ni mo gé ìwé, gé ìwé, títí apá fi ń ro mí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n sọ nǹkan mìíràn. Ó wá ní òun ti rí orúkọ fún òòṣà mi.

"Nǹkan Yẹn."

Mo ní kí ló wí? Ó ní ohun tí àwọn ará abúlé inú ìtàn ń pè é nìyẹn, wọn kì í pè é ní ohun mìíràn. Ara ti kan mí gógó! Mo ní ṣé orúkọ òòṣà nìyẹn? Ta ló máa bẹ̀rù Nǹkan Yẹn? Mo ní tí eré náà bá ti sú u, kó kúkú sọ. Ó yíjú sí ògiri. Èmi náà bínú lọ sílé. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀!

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ orúkọ mẹ́ta sórí pépà, mo gba Ìgbóbì lọ. Wọ́n ti gbé Bísí lọ wẹ egbò. Ìyá Ìlàjẹ ló ní kí n jókòó. Wọ́n ní ṣé èmi kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni? Ṣé nílé tiwa, a kì í pe ejò ní okùn tí ilẹ̀ bá ti ṣú? Wọ́n ní lórí omi lọ́dọ̀ tiwọn náà, ohun tó bá ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an, àdàpè ni wọ́n ń pè é. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n géèmù lásán ni tiwa.

"Àwọn dókítà bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ àná," ni wọ́n wí. "Látìgbà náà, kò tíì dárúkọ ohun tí wọ́n sọ. Òun ni kó o bi, má bi mí."

 Nígbà tí wọ́n gbé Bísí dé, mo ti pépà mi bọ àpò, mo bi í pé kí ni Nǹkan Yẹn.

Ó yíjú sí mi. "Wọ́n máa gé e, Bùrọ̀dá. Lọ́jọ́ Fúráídè. Wọ́n ní tí àwọn bá fi í sílẹ̀, ó lè pa mí."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ní kí n nu ojú mi, kí n ṣí nóòtù. Ó ní òun fẹ́ kí ọdẹ òun pàdé Nǹkan Yẹn lónìí, kí Nǹkan Yẹn mú ẹsẹ̀ ọdẹ náà kan lọ nínú eré ná, kí òun lè mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí sọ?

A ṣe é. Mo sọ bí gbòǹgbò ṣe jáde, bó ṣe dì í mú, bó ṣe mú ẹsẹ̀ náà lọ. Ìyá Ìlàjẹ pa rádíò wọn. Bísí di irin bẹ́ẹ̀dì mú títí mo fi dákẹ́.

"Ilẹ̀ ti mọ́," ó ní. "Kí ni mo rí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀! Gbogbo làálàá mi lórí orúkọ, mi ò ronú dé àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hùmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: mo ní ó rí oòrùn, ó rí ọ̀pá kan nílẹ̀, ó rí i pé ebi ń pa òun. Bísí ní ebi dára. Ó gba dáìsì lọ́wọ́ mi láti mọ̀ bóyá ọdẹ náà lè dìde. Méjì ló jáde, kò tó. Ó tún un jù láìgbàṣẹ, mo sì jẹ́ kó máa jù ú lọ títí ọdẹ náà fi dìde.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà báyìí. Bísí ti wà nílé ní Abúlé Òkúta, ó ń fi ọ̀pá kọ́ ìrìn, ó sì ń bú ọ̀pá náà láràárọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn: tí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín kò bá lè dárúkọ ohun kan, ẹ má bá a jiyàn, ẹ bi í léèrè. Bísí ti ń sọ ọ́ fún mi látọjọ́ Mọ́ńdè, èmi ń wá orúkọ tó máa dẹ́rù bani.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ń dọ́gbọ́n bá yín sọ̀rọ̀, tí ẹ rò pé eré ló ń ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi àti Bísí la ó jọ kà á.